Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúrà wa: àánú Ọlọ́run ti wà nílẹ̀ ká tó kúnlẹ̀

Sí ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀, wòlíì, ajíhìnrere àti aríran, ẹ̀yin alákòóso ìṣọ́ òru àti olórí ẹgbẹ́ àdúrà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá,

Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìdúró níwájú Ọlọ́run nítorí tiwa. Ọ̀pọ̀ alẹ́ lẹ ti fi gbé ẹrù ẹlòmíràn lọ síwájú ìtẹ́ àánú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọn ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èmi náà ti jẹ nínú èrè iṣẹ́ yẹn. Inú ilé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ o, mi ò dúró síta kí n máa ju òkúta wọlé. Abẹ́ ìwàásù yín ni mo dàgbà sí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kí wọ́n ti sin mí.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò pọ̀. Àwọn tí Ọlọ́run fi sábẹ́ ìtọ́jú yín ti ń gbàgbé pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó lágbára. Wọ́n mọ̀ pé ó lè fi iná jó ọ̀tá. Wọ́n lè ka iye ọjọ́ ààwẹ̀ tí wọ́n gbà pé èèyàn ní láti gbà kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n pé ó fẹ́ràn wọn kí wọ́n tó la ẹnu, pé àánú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kúnlẹ̀, pé kò ní yẹ̀ lọ́la bí wọ́n tilẹ̀ ṣubú lónìí, ọ̀rọ̀ yìí ń di àjèjì létí wọn. Bí a ṣe ń darí àdúrà ló ń fà á, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn, torí ọwọ́ yín ni ìdarí náà wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù.

Bí àlejò bá wọ ìṣọ́ òru ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta òru, kí ló máa gbọ́ jù? Ikú ló máa gbọ́. Kí ẹni tó ń lépa mi ṣubú, kó má dìde mọ́. Kí iná sọ nílé ẹlẹ́nìní. Kí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ kí n rójú. Ẹsẹ̀ á máa lu ilẹ̀, ọwọ́ á máa gé afẹ́fẹ́ bí àdá, òógùn á bo gbogbo ara. Lẹ́yìn náà, olùdarí á ní ká ṣí Sáàmù 35, ká ṣí Sáàmù 109, kí oníkálukú dárúkọ ọ̀tá rẹ̀ nígbà méje. Nígbà tó bá fi máa kan ọpẹ́, àkùkọ ti ń kọ, àwọn èèyàn ti ń wá bàtà.

Mi ò sọ pé kò sí ọ̀tá. Opó tí àwọn ẹbí ọkọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí omi ojú ọ̀fọ̀ tó gbẹ mọ ohun tó ń sunkún lé lórí. Àgbẹ̀ tí àwọn ajínigbé gbé lójú ọ̀nà oko rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́bìnrin tí ọ̀gá lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé kò gbà fún un mọ̀ ọ́n. Nítorí irú wọn ni Sáàmù ìbínú ṣe wà nínú Bíbélì, Ọlọ́run ò sì ní ká wá máa díbọ́n níwájú òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí Sáàmù 109 yẹn, ká kà á tán. Kí ni ẹ̀sùn tí onísáàmù fi kan ọ̀tá rẹ̀? Ó wà ní ẹsẹ 16: ọkùnrin náà kò rántí láti ṣàánú, tálákà àti aláìní ló ń lé kiri títí dé ojú ikú. Àìláàánú ni ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e dé kóòtù Ọlọ́run. Nígbà tó sì kan kí onísáàmù bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀, ní ẹsẹ 21, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹsẹ 26, kò fi ààwẹ̀ tó gbà ṣe àwíjàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ láàárín méjèèjì pé ààwẹ̀ ti sọ orúnkún òun di aláìlera. Àánú Ọlọ́run nìkan ló fi rojọ́. Sáàmù tí a sọ di ọfà yìí, orí àánú ló fẹsẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi í gbàdúrà ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni èmi náà kò rántí láti ṣàánú fún? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé mi ńkọ́? Ayálégbé tí mo da ẹrù rẹ̀ síta nínú òjò ńkọ́? Òṣìṣẹ́ tí mo jẹ lówó oṣù mẹ́ta, tí mo sì wá lo owó náà láti fi ṣe ìdúpẹ́ ńkọ́? Ìgbà wo la gbọ́ irú ìbéèrè báyìí kẹ́yìn lẹ́nu olùdarí kó tó ní ká dárúkọ ọ̀tá?

Ẹ máa ń sọ fún wa pé ogun ni ayé, pé jẹ́jẹ́ kọ́ la fi ń jagun. Mo gbà. Ẹ wo Jèhóṣáfátì, ọba Júdà, nínú Kíróníkà Kejì orí 20. Àwọn ará Ámónì, Móábù àti òkè Séírì kóra jọ sí i, ẹ̀rù bà á, ó kéde ààwẹ̀ ní gbogbo Júdà, àwọn ọkùnrin dúró níwájú Olúwa pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Ó gbé ẹjọ́ àwọn ọ̀tá náà fún Ọlọ́run, ó sì fi í síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, akọrin ló kó síwájú àwọn ológun, orin tó ní kí wọ́n kọ sì ni orin àánú Ọlọ́run tí kì í tán. Ojú ogun gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́! Àwọn ọ̀tá náà dojú ìjà kọ ara wọn, Júdà ò yọ idà. Ìtàn yìí la máa ń gbọ́ dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń wàásù nípa ìyìn. Ohun tí mò ń bèèrè ni ìdí tí kì í fi í dé inú ìṣọ́ òru.

Ìṣòro tó tún wà nínú àdúrà ọ̀tá ni pé kì í pẹ́ tí ọ̀tá fi máa ń ní ojú àti orúkọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí àìrí, tó bá yá ó di ìyàwó bàbá, ó di àbúrò bàbá, ó di aládùúgbò tí kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá burú tán, ó di ìyá tó bí ni.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílé ọkọ, ó ń wá ọmọ. Ó lọ sí ilé àdúrà kan, aríran ní òun rí ìyá àgbàlagbà kan tó di ilé ọmọ rẹ̀ mú. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yìí ló bá mu. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò wá sílé mọ́, kò sì gbé fóònù ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá ò yéé di èlùbọ́ sínú náílọ́ọ̀nù, ó ń fi rán awakọ̀ sí i, èlùbọ́ náà ń padà wá. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe. Mi ò ní ìdáhùn kankan fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojoojúmọ́ ló ń dárúkọ ọmọ náà nínú àdúrà àárọ̀, pé kí Olúwa fún un lọ́mọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ sọ fún mi: láàárín aríran àti ìyá yìí, èwo nínú àwọn méjèèjì ló fi bí Ọlọ́run ṣe rí hàn wá? Àìsáyà orí 49 ló sọ pé bí ìyá tilẹ̀ lè gbàgbé ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ò ní gbàgbé. Ìfẹ́ ìyá ni wòlíì náà wá kàn nígbà tó ń wá ohun tó sún mọ́ ìfẹ́ Ọlọ́run jù láyé, ìfẹ́ yìí kan náà la sì wá ń sọ lórúkọ àjẹ́ lórí pẹpẹ. Ẹni tí a bẹ̀ kó wá fẹ́ni lójú kì í fi ata sẹ́nu. Ọmọbìnrin yẹn wá nítorí ìrora àìrọ́mọbí, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìrora méjì: kò rọ́mọ bí síbẹ̀, kò sì ní ìyá mọ́.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹnikẹ́ni bá ríran lábẹ́ yín, kó má sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí ẹ̀yin tó gbọ́. Tó bá jẹ́ òbí ẹni lọ̀rọ̀ bá, ẹ lọ sọ́dọ̀ òbí náà, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a gbàdúrà. Ìran tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kò ní sá fún ìbẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Mo mọ̀ pé ó nira láti gbọ́, nítorí náà ìtàn Bíbélì ni mo máa fi sọ ọ́, ìtàn tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 5, Náámánì, olórí ogun Síríà, lọ bá wòlíì Èlíṣà nítorí ẹ̀tẹ̀. Ó gbé tálẹ́ńtì fàdákà 10 dání, ó gbé 6,000 owó wúrà, ó di ìpààrọ̀ aṣọ 10. Owó tó lè ra ìletò kan ló kó wá. Èlíṣà ò tiẹ̀ jáde sí i. Ó ránṣẹ́ pé kó lọ wẹ̀ nínú Jọ́dánì nígbà méje. Inú bí Náámánì. Ó fẹ́ ohun ńlá, ó fẹ́ kí wòlíì dúró lókè orí òun, kó máa ju ọwọ́. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló pàrọwà fún un kó tó lọ. Ó wẹ̀, ara rẹ̀ sì tutù bí ara ọmọdé.

Ó padà wá pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bùn náà. Èlíṣà búra pé òun ò ní gba nǹkan kan. Náámánì rọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ẹ fọkàn sí ibí yìí. Ebi ò ṣàì pa ilé ẹ̀kọ́ àwọn wòlíì nígbà ayé Èlíṣà. Ẹ rántí ìkòkò ọbẹ̀ tí ikú wà nínú rẹ̀ ní orí 4. Bó bá gba tálẹ́ńtì kan péré, yóò bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu. Kí ló dé tí kò gbà á? Bí mo ṣe rò ó nìyí: àjèjì ni Náámánì, ó ń padà lọ sílẹ̀ tí wọ́n ti mọ àwọn òrìṣà tí wọ́n ń san owó fún. Bí Èlíṣà bá gba fàdákà yẹn, Náámánì á délé, á ní òun ti rí òrìṣà mìíràn tó wọ́n ju tàwọn lọ. Èlíṣà fẹ́ kó délé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu, pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì ṣàánú òun lọ́fẹ̀ẹ́.

Gẹ̀hásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, wá sáré tẹ̀ lé Náámánì. Ó purọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ méjì dé láti òkè Éfúráímù, ó bèèrè tálẹ́ńtì kan àti aṣọ méjì. Náámánì fún un ní tálẹ́ńtì méjì. Ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì lẹ̀ mọ́ Gẹ̀hásì. Ìjìyà náà máa ń dà bíi pé ó pọ̀ jù lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ní báyìí ó ti yé mi. Ohun tí Gẹ̀hásì bà jẹ́ ju irọ́ lọ. Ó fi iye lé ohun tí Ọlọ́run ti fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣe é lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Ọlọ́run.

Lónìí, owó wà tí a ń san kí a tó rí wòlíì. Fọ́ọ̀mù àdúrà ní iye, òróró ní iye, mááńtù ní iye, omi inú ọ̀rá ní iye. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń wá ìwòsàn gbin irúgbìn tó máa dun òun, nítorí pé èyí tí kò dunni kì í hù. Ẹ̀rọ POS ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Mi ò sọ pé ká má fún Ọlọ́run o. Mo ń san ìdámẹ́wàá, mo mọ iye tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ, mo mọ̀ pé ọmọ pásítọ̀ náà ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọrẹ ẹni tó ti rí àánú gbà, tó wá dúpẹ́, dára lójú mi. Mo fẹ́ kó pọ̀ sí i. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni iye tí a gbé ka ẹnu ọ̀nà, tí tálákà ò lè san, tó wá padà lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bóun bá ní owó ni, Ọlọ́run ì bá ti gbọ́. Pétérù bá Símónì ará Samáríà wí kíkan lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 8, ẹni tó fẹ́ rà ló sì bá wí. Kí ni yóò sọ fún ẹni tó ń tà?

Ẹ jẹ́ ká rántí bí àdúrà alágbára ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa àìmọye èèyàn kárí ayé dé ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láti gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre wà níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, sì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe títì, gbọ́ ìpè, nígbà tó sì di 1930, èrò ń wọ́ lọ sí Òkè-Ooye ní Iléṣà pẹ̀lú aláìsàn wọn àti omi nínú ìgò. Àwọn tó dá àdúrà yìí sílẹ̀ gbà pé bí oògùn bá kọ̀, tí dókítà bá lọ, àánú Ọlọ́run ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó wá bá wọn kó òǹdè, ìfúnpá àti gbogbo ohun tí wọ́n fi ń sá fún ọmọ aráyé jáde, wọ́n jó o níná. Ìbẹ̀rù ni wọ́n jó. Ó dùn mí pé ìbẹ̀rù yẹn kan náà ti gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì padà wọlé, àwa tí a jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ló sì ń gbé àga fún un.

Kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn tí àdúrà wọn kò tíì gbà, nítorí pé àwọn ló ń sunkún jù nínú ìjọ, àwọn la sì máa ń dá lẹ́bi jù. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ wọn ò tó, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí wọn kò jẹ́wọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti ní kí àwọn kan ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà dúró síbẹ̀, ohun tó rí gbà ni ìdánilójú pé oore-ọ̀fẹ́ tó òun. Ta ló máa sọ pé Pọ́ọ̀lù kò ní ìgbàgbọ́?

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa kà fún wọn: Ẹkún Jeremáyà. Jerúsálẹ́mù ti ṣubú sọ́wọ́ Bábílónì, tẹ́ńpìlì ti jóná, ọmọ ń kú sọ́wọ́ ìyá nítorí ebi. Orí márùn-ún ni ìwé náà. Àárín gbùngbùn rẹ̀, ní orí 3, ni ẹni tó ń sunkún ti sọ pé àánú Olúwa kò tíì tán àti pé ó ń di ọ̀tun ní àràárọ̀. Gbogbo wa mọ ẹsẹ yẹn, a máa ń fi kọrin. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ni pé ẹkún náà kò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Orí 4 ṣì jẹ́ ẹkún. Orí 5 parí sórí ìbéèrè kíkorò bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tó gba àánú Ọlọ́run gbọ́ ni, ojú rẹ̀ sì ṣì kún fún omi. Ẹ fún àwọn èèyàn wa láyè láti ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ má fipá mú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú láti wá jó níwájú pẹpẹ.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn ẹni tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì Yorùbá tí a fi ń gba àdúrà Sáàmù. Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n yà á nípa sí ìyá rẹ̀, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ òkun àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó balẹ̀ sí Sàró. Ó di Samuel Àjàyí Crowther. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837 nípa ọjọ́ tí wọ́n kó o, ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì ní òun ti kọ́ láti pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbùkún. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n yà, ó rí Àfàlá, ìyá rẹ̀. Ní 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Láàárín ọdún 25 yẹn, Àfàlá kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Kò gba ààwẹ̀ ìjọ kankan, kò gbin irúgbìn, kò mọ orúkọ Jésù. Àánú ti jáde lọ wá a kó tó mọ ẹni tó rán an. Ọkùnrin tí wọ́n fi ìyà tó pọ̀ tó báyìí jẹ ní ọ̀tá tó lè dárúkọ. Iṣẹ́ ìhìn rere ló wá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó sì ń bí mi nínú. Bí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá lóyún láìtíì ṣègbéyàwó, a máa ń bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀, a máa ń gbé e lọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà mìíràn a máa ń ka orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún á sì wà nídìí ìlù lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn gan-an. Ìbáwí kọ́ ni mo ń bá jà. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìjọ wa ti ní ọwọ́ ọ̀tún méjì. Nínú Lúùkù orí 15, bàbá ló sáré lọ pàdé ọmọ, kí ọmọ tó ka ìjẹ́wọ́ rẹ̀ tán ló ti ní kí wọ́n gbé aṣọ wá. Ẹ̀gbọ́n tó dúró síta, tó ń bínú pé àánú ti pọ̀ jù, ni mo máa ń rí nígbà tí a bá ń ṣe ìjókòó ẹ̀yìn yìí. Mo tún máa ń rí Jónà, wòlíì tí inú bí nítorí pé Ọlọ́run dá Nínéfè sí. Ẹ̀yin wòlíì wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú bí Ọlọ́run bá dá ẹni tí ẹ ti sọ ìdájọ́ lé lórí sí.

Kí wá ni mo ń bẹ̀ fún? Ní ìṣọ́ òru tó ń bọ̀, kí a tó dárúkọ ọ̀tá kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí oníkálukú gba àdúrà agbowó-òde inú Lúùkù orí 18, èyí tó tọrọ àánú lásán, tó sì lọ sílé ní ẹni tí a dá láre. Lẹ́yìn náà, ẹ mú Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ló ní, ègbè àánú kan náà ló sì wà lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Lílé àti gbígbè la ṣe é fún. Ẹ̀yin ẹ lé e, àwa ìjọ á gbè é. Mo mọ̀ pé ó dárúkọ Síhónì àti Ógù, àwọn ọba tí Ọlọ́run ṣẹ́gun, ẹ má fo ibẹ̀. Ọba tó ń dí ọ̀nà àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ sì jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹsẹ 25, níbi tó ti sọ pé gbogbo ẹ̀dá ni Ọlọ́run ń fún lóúnjẹ, ká wá dárúkọ àwọn tó ṣẹ̀ wá lórí ẹsẹ yẹn, ká tọrọ oúnjẹ fún wọn.

Bí a bá ṣe èyí tán tí Sáàmù 109 ṣì wù yín kà, ẹ kà á, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 16. Ẹ fi owó fọ́ọ̀mù àdúrà jì wá láti oṣù yìí lọ, ẹ jẹ́ ká wo bí ọrẹ ọpẹ́ yóò ṣe rí. Àwa ìyá ìjọ ti ṣe tán láti wá gbá ilé ìjọsìn, láti gbé omi, láti jókòó ti aláìsàn di àárọ̀. Ẹ kàn ránṣẹ́ sí wa.

Èmi ni ọmọ yín nínú Kristi,
Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ.